Ṣé dídúró lórí ẹsẹ̀ kan lè mú kéèyàn sáré sí i lóòótọ́?

ỌmọÌjẹ̀jà – Ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Eré 100 àti 200 mítà ni mò ń sá, ìdíje wa sì ti ń sún mọ́lé. Láti ìgbà tí a ti ní kọ́ọ̀ṣì tuntun, a kì í sáré tó bá a ṣe ń sá a tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí a bá dé pápá ní Kútò, l'Abẹ́òkúta níbí, láàárọ̀, ẹsẹ̀ kan la ó kọ́kọ́ fi dúró. Ó ní ká dijú. Lẹ́yìn náà a ó máa fi ẹsẹ̀ kan fò, a ó tún wọ inú àkàbà okùn tó tẹ́ sílẹ̀, ọ̀kan wọlé, ọ̀kan jáde. Àwọn tó ń kọjá lọ sọ́jà á dúró, wọ́n á máa fi wá rẹ́rìn-ín.

Mi ò lè bi kọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀, kó má lọ rò pé mo ń tọ́ òun wò. Ṣé ó ń mú ẹsẹ̀ yá ni, àbí a kàn ń pa àsìkò? Ohun tí mo mọ̀ pé ó ń yọ mí lẹ́nu nìyí: bí mo bá wọ ìyípo 200, ara mi á máa fì síta, apá òsì mi á sì máa gba iwájú àyà kọjá. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi rọ́ lọ́dún tó kọjá, mo já sínú gọ́tà ní Pánsẹ́kẹ̀ lóru.

Sàńgbá_Fọ́ – 9:21 alẹ́

Lékèélékèé ń fi ẹsẹ̀ kan dúró láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, mi ò tíì rí èyí tó gba wúrà nínú wọn. Ẹ gba owó yín padà o 😂

Àgbà_Sáré – 9:58 alẹ́

Sàńgbá, jẹ́ n dá ọmọ yìí lóhùn kó o tó da gbogbo rẹ̀ rú.

ỌmọÌjẹ̀jà, kò sí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì sáré. Bí o bá ń rìn, ìgbà kan máa ń wà tí méjèèjì jọ wà nílẹ̀. Tó bá ti di eré, kò sí ìyẹn mọ́: ọ̀kan á balẹ̀, á tì ọ́ kúrò, wàá wà lófuurufú díẹ̀, èkejì á balẹ̀. Usain Bolt, ọmọ Jàmáíkà, sá 100 mítà ní sẹ́kọ́ǹdù 9.58 ní Berlin lọ́dún 2009, ìṣísẹ̀ bíi 41 ló sì fi parí rẹ̀. Pín in sí méjì, wàá rí i pé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan kan ilẹ̀ ní bí ogún ìgbà péré. Tí eré bá ti wọra, ẹsẹ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n sá gan-an kì í lò ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá sẹ́kọ́ǹdù lọ nílẹ̀. Láàárín ìwọ̀nba àsìkò yẹn, agbára tí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo yẹn ń gbà máa ń ju ìwọ̀n ara ẹni lọ ní ìlọ́po mélòó kan.

Wá wò ó báyìí. Tí ọrùn ẹsẹ̀ bá ń mì, tí orúnkún ń ya wọnú, tí ìbàdí ń rọ̀ sápá kan, agbára tó yẹ kó tì ọ́ síwájú ti dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ nù. Ibi tó ń jò yẹn ni kọ́ọ̀ṣì yín ń wá. Kò pa àsìkò yín.

Àmọ́ má gbọ́ ohun tí mi ò sọ. Ẹni tó ń sá ọgọ́rùn-ún mítà ní sẹ́kọ́ǹdù 12 kò ní tìtorí pé ó mọ ẹsẹ̀ kan dúró kó wá di ẹni 11. Ẹsẹ̀ líle àti eré tí wọ́n fi gbogbo agbára sá ló ń ṣe ìyẹn. Ìdúró kàn ń jẹ́ kí agbára tó o bá ní débi tó ń lọ ni.

Ọ̀rọ̀ apá rẹ ńkọ́? Bí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá lọ síwájú, apá òsì ló ń bá a lọ, kí ara má bàa lọ́. Tí apá bá ti gba iwájú àyà kọjá, èjìká á yí, ìbàdí á yí láti fi dí i, ẹsẹ̀ á wá balẹ̀ níbi tí kò yẹ. Jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí koríko, na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, kó o máa ju apá bí ẹni ń sáré. Fi ọkàn sí igúnpá tó ń lọ sẹ́yìn, iwájú á tún ara rẹ̀ ṣe. Tí o bá ju apá lọ́nà òdì, ìdí rẹ á máa yí lọ yí bọ̀ nílẹ̀, ìwọ náà á mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

OníFisiò – 10:20 alẹ́

Ẹ kú ọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n Àgbà. Mo fẹ́ mú ibi ẹsẹ̀ tó rọ́ yẹn, torí ó jọ pé òun gan-an ni ọmọ yìí fojú fò.

Ohun mẹ́ta ló ń bá wa dúró: ojú, inú etí lọ́hùn-ún, àti ìròyìn tí iṣan àti oríkèé ń fi ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé ibi báyìí ni ẹsẹ̀ wà. Nígbà tí kọ́ọ̀ṣì bá ní kí ẹ dijú, ó gba ojú kúrò nínú iṣẹ́ ni, kí àwọn méjì tó kù lè ṣiṣẹ́ takuntakun. Tí ọrùn ẹsẹ̀ bá rọ́, àwọn okùn tó so egungun pọ̀ níbẹ̀ á fà, ìròyìn tó ń ti ibẹ̀ wá kì í sì í yá bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìrora lè lọ, kí wíwú náà lọ, kí ìròyìn ṣì máa pẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ tó ti rọ́ lẹ́ẹ̀kan fi máa ń rọ́ lẹ́ẹ̀kejì níbi tí ẹlòmíì á gbà kọjá láìfura.

ỌmọÌjẹ̀jà, bọ́ bàtà lálẹ́ yìí, dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹsẹ̀ òsì, ojú ṣí. Ẹsẹ̀ òsì, ojú dí. Wá ṣe ọ̀tún bákan náà. Má wò ó pé ó pẹ́ tó ti ẹlòmíì, fi ọ̀tún wé òsì tìrẹ ni. Padà wá sọ ohun tó o rí.

Ògbójú_Trákì – 10:47 alẹ́

Mo gbà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n àti àǹtí, ṣùgbọ́n àkàbà okùn yẹn, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ẹni tó bá ń kọ́ àkàbà, àkàbà ló ń mọ̀. Ìṣísẹ̀ kéékèèké, ojú sílẹ̀, ara tẹ̀ síwájú. Níbo la ti ń sáré báyẹn? Ohun tó ń ya asáré sọ́tọ̀ ni agbára tó fi ń ti ilẹ̀ ní ìwọ̀nba àsìkò tí ẹsẹ̀ fi wà níbẹ̀. Bó ṣe ń yí ẹsẹ̀ lófuurufú kọ́. Mo rí àwọn ọmọ tí wọ́n ń ta ijó nínú àkàbà fún fídíò, bí ìbọn bá dún, ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń wà.

Àní àwọn eré orúkún gíga tí gbogbo ayé ń ṣe yìí, Gerard Mach, kọ́ọ̀ṣì ará Poland tó padà lọ ṣiṣẹ́ ní Canada, ló tò wọ́n sí A, B àti C. Ó fẹ́ kí iṣan tí asáré ń lò le ni. Báwọn kan ṣe sọ ọ́ di ijó, mi ò mọ̀ nípa ìyẹn.

Àgbà_Sáré – 11:05 alẹ́

Ògbójú, o ò parọ́. Èmi náà kì í jẹ́ kí àgbàlagbà lò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ nínú àkàbà, kí ara fi gbóná ni. Ṣùgbọ́n fún ọmọ tí kò tíì mọ bí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣe ń gbọ́ ara wọn yé, ó wúlò. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń dé ọ̀dọ̀ wa báyìí tí wọn ò lè fi ẹsẹ̀ kan fò dé ìdajì ọ̀nà.

ÌyáBísí_Ìtòkú – Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:32 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìdí àdìrẹ ni mo wà tí mò ń ka gbogbo èyí, ẹ̀rín ń pa mí. Ohun tí ẹ ń pè ní iṣẹ́ yìí, ṣé kì í ṣe sùwé? Ẹ fa ilà sílẹ̀, ẹ ju òkúta, ẹ fi ẹsẹ̀ kan fò lọ, ẹ yí padà lórí ẹsẹ̀ kan náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ mú òkúta láì jẹ́ kí èkejì kan ilẹ̀. Ẹni tó bá tẹ ilà, ó ti kú nìyẹn. Tẹ̀n-tẹ́n ńkọ́? Àtẹ́wọ́, orin, fífò, kó o sì ju ẹsẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú ẹni tó dojú kọ ọ́. Àwa ò sanwó fún un nígbà tiwa. Bísí mi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò mọ sùwé, fóònù ló mọ̀.

OníFisiò – 7:10 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ Mọ̀mí. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ibi tí ẹ ti ní kó bẹ̀rẹ̀ mú òkúta lórí ẹsẹ̀ kan yẹn, irú rẹ̀ gan-an la máa ń fún àwọn tí orúnkún wọn ti fara pa, nígbà tí wọ́n bá ń padà bọ̀ sípò. Ìbàdí, ẹ̀yìn itan àti ọrùn ẹsẹ̀ ló jọ ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fa ilà fún Bísí ní iwájú ilé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò nílò kọ́ọ̀ṣì, eré ló nílò.

Àbẹ̀kẹ́_Họ́dù – 7:44 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí eré họ́dù, ìyẹn eré tí a ti ń fò kọjá lórí igi, ni mò ń sá. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ìdúró àti ìgbọ́ra-ẹni-yé ẹsẹ̀ ń ṣe nínú eré, ẹ wo họ́dù 100 mítà àwọn obìnrin. Mẹ́wàá ni igi náà. Ọ̀pọ̀ jù lọ ń fi ìṣísẹ̀ mẹ́jọ dé ìdí àkọ́kọ́, mẹ́ta péré ló sì wà láàárín ọ̀kan sí èkejì, kí ẹsẹ̀ kan náà lè máa ṣíwájú lórí gbogbo wọn. Gbogbo ìgbà tó o bá fò ó, ẹsẹ̀ kan lo fi ń balẹ̀ pẹ̀lú eré lára, kò sì sí àyè láti tún ara ṣe. Tobi Amusan wa, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde nínú ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí, sá a ní sẹ́kọ́ǹdù 12.12 ní Eugene lọ́dún 2022, ó sì fi ṣe àkọsílẹ̀ àgbáyé tuntun fún eré yẹn. Ẹ wo bí orí rẹ̀ kì í ṣe é lọ sókè sódò tó bá ń gba orí igi kọjá. Èmi tí mò ń fò ó, orí mi ń ta bíi bọ́ọ̀lù.

Àkànní_Ọlọ́mọ – 8:15 àárọ̀

Èmi kò bá ẹnikẹ́ni díje o. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, mò ń rọra sáré láàárọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má bàa ru. Ṣé èmi náà lè ṣe nǹkan yìí? Ojú ọ̀nà wa kò dára, òkúta àti kòtò ló kún un, ẹ̀rù ìṣubú ló ń bà mí.

OníFisiò – 8:31 àárọ̀

Dádì, ẹ̀yin gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ ṣe é, torí ìdúró máa ń dín kù bí ọjọ́ orí bá ń lọ sókè. Ẹ di àga tàbí ògiri mú, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan kúrò nílẹ̀ díẹ̀, ẹ mí sínú mí síta. Tó bá ti rọrùn, ẹ fi ìka kan ṣoṣo di àga mú. Ẹ̀yin kò gbọ́dọ̀ dijú àfi tí ẹnì kan bá wà nítòsí. Ẹ lè ṣe é tẹ́ ẹ bá ń fọ eyín láàárọ̀. Bí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ dá a dúró, kẹ́ ẹ lọ rí dókítà kí ẹ tó tún sáré.

Sàńgbá_Fọ́ – 8:40 àárọ̀

Mo ṣe é báyìí pẹ̀lú ojú dídí. Díẹ̀ ló kù kí n wó lu tẹlifíṣọ̀n. Ìyàwó mi ń bi mí bóyá mo ti mu nǹkan láàárọ̀ kùtù. Lékèélékèé, mo tọrọ àforíjì.

ỌmọÌjẹ̀jà – 1:05 ọ̀sán

Ẹ ṣeun gan-an. Àǹtí, mo ṣe é. Tí ojú bá ṣí, méjèèjì dúró. Tí mo bá dijú, òsì dúró dáadáa ṣùgbọ́n ọ̀tún ń gbọ̀n, ìka ẹsẹ̀ mi ń há ilẹ̀ mọ́ra, mo sì ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta. Kò dùn mí o. Bọ̀dá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tò ó bí n ṣe máa ṣe é.

OníFisiò – 1:30 ọ̀sán

Ohun tí mo rò nìyẹn. Ẹ sì rántí pé òsì la ń yí sí lórí pápá, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló wà níta ìyípo. Ó lè wà lára ìdí tí ara rẹ fi ń fì síta níbẹ̀. Tó bá ń yẹ̀ lábẹ́ rẹ nígbà tó o bá ń rìn lásán, tàbí tó ń wú lẹ́yìn eré, má ṣe ọ̀kankan nínú ohun tí wọ́n bá tò síbí. Lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sìbítù, kó o béèrè fún fisiò, ẹni tó ń tọ́jú iṣan àti oríkèé.

Tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, máa ṣe é díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ nílé: ilẹ̀ líle, ojú ṣí, lẹ́yìn náà ojú dí. Tó bá ti dúró, gorí tìmùtìmù. Lẹ́yìn náà kí ẹnì kan máa ju bọ́ọ̀lù sí ọ kó o máa hán an. Ìgbẹ̀yìn ni fífò: fò síwájú, balẹ̀ lórí ẹsẹ̀ yẹn, dúró gbọn-in kó o tó tún gbéra. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ní irú rẹ̀ nínú FIFA 11+, ìyẹn eré tí wọ́n fi ń mú ara gbóná kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni gbogbo rẹ̀, ó sì ti dín ìfarapa kù láàárín àwọn tó ń ṣe é déédéé.

Àgbà_Sáré – 8:50 alẹ́

Ó dáa. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó fún èyí tí màá sọ yìí, má sì ṣe é ní ọjọ́ méjì tó tẹ̀ léra. Àkọ́kọ́ lo máa ṣe é, kí ó tó rẹ̀ ọ́. Ẹni tó ti rẹ̀ á máa kọ́ ara rẹ̀ ní àṣìṣe ni.

Rọra sáré títí ara á fi gbóná. Bọ́ bàtà, wá sórí koríko tó wà láàárín pápá, kó o fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn, kó o fi gìgísẹ̀ rìn. Wo ilẹ̀ dáadáa kó o tó bọ́ bàtà, ìgò fífọ́ kò mọ asáré.

Lẹ́yìn náà, ògiri. Fi ọwọ́ méjèèjì ti ògiri, kí ara rẹ dà síwájú láti ọrùn ẹsẹ̀ dé orí ní ìlà kan, má tẹ ìdí sẹ́yìn. Gbé orúnkún kan dé ìbàdí, ìka ẹsẹ̀ yẹn kọjú sókè. Dúró. Bí ẹnì kejì rẹ bá pàtẹ́wọ́, pààrọ̀ ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kíá, kó o sì dúró padà láì mì. Tó bá ti mọ́ ẹ lára, kó pàtẹ́wọ́ méjì, lẹ́yìn náà mẹ́ta. Tí mo bá ní kí n mú ẹyọ kan ṣoṣo nínú gbogbo rẹ̀, èyí ni màá mú, torí ìdúró, ìyára àti bí ara ṣe ń dà síwájú nígbà ìgbéra ló jọ wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń kánjú rẹ̀. Pípààrọ̀ kò ṣòro, ibi tí a ti ń dúró lẹ́yìn rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Tí ìbàdí bá rọ̀, tí èjìká gbọn, kò tíì tó àsìkò láti fi kún un.

Orúnkún gíga bí a ti ń sún síwájú díẹ̀díẹ̀: kí ẹsẹ̀ balẹ̀ sábẹ́ ìbàdí, kó má balẹ̀ síwájú rẹ, torí iwájú yẹn ni bíréèkì wà. Gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ. Bí ọ̀tún bá dún ju òsì lọ, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀.

Fífò: ẹsẹ̀ méjèèjì kọ́kọ́, orúnkún fẹ́rẹ̀ẹ́ má tẹ̀, kí ọrùn ẹsẹ̀ le kó sì máa ta ọ́ sókè. Tó bá yá, ẹsẹ̀ kan síwájú, mítà mẹ́wàá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ká tó lọ, bẹ̀rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ kan pẹ̀lú ike omi lọ́wọ́, ẹ̀yìn gbọọrọ, ẹsẹ̀ kejì nà sẹ́yìn, bí ìyá Bísí ṣe ní kí wọ́n mú òkúta sùwé.

Ìgbà náà lo máa tó sáré gan-an. 30 mítà, gbogbo agbára, lẹ́ẹ̀mẹrin. Sinmi ìṣẹ́jú mẹ́ta láàárín wọn, ìṣẹ́jú kan fún mítà mẹ́wàá la máa ń ṣírò. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọ̀lẹ ni ọ́ nítorí pé o jókòó. Ẹni tí kò sinmi kò sáré mọ́, ó ń forí tì í ni.

Ní ìyípo, gbogbo ara ni kó dà sínú láti ọrùn ẹsẹ̀, má tẹ ẹ̀gbẹ́ ìbàdí. Ọ̀nà kìíní ló ká jù, nítorí náà láti ọ̀nà tó wà níta, bíi kẹfà, ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, kó o máa sún wọlé.

Ògbójú_Trákì – 9:12 alẹ́

Èyí gún régé. Ẹ̀gbọ́n, mo ní àfikún kan àti àtakò kan. Àfikún: òkè. Abẹ́òkúta kò ṣaláìní òkè, a kàn ń bú u ni. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kékeré tí ọkọ̀ kì í sábà gbà, sáré gòkè fún 20 mítà, rọra rìn sọ̀kalẹ̀. Ẹsẹ̀ kò lè nà kọjá níwájú lórí òkè, ó ń kọ́ ara fúnra rẹ̀. Ẹ ṣáà yàgò fún ojú títì, ọlọ́kadà kò mọ̀ pé ẹ ń dánra wò.

Àtakò: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ sáré nínú yanrìn rírọ̀ létí odò Ògùn pé ó ń mú ẹsẹ̀ yá. Ó ń mú ẹsẹ̀ le díẹ̀, mo gbà. Àmọ́ yanrìn ń gbé agbára mì, ẹsẹ̀ ń pẹ́ nílẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí ẹni tó ń sá eré ọ̀nà kúkúrú ń yẹra fún gan-an nìyẹn.

Àgbà_Sáré – 9:20 alẹ́

Lórí yanrìn, mo máa ń lò ó fún ẹni tó ń bọ̀ láti inú ìfarapa, nítorí pé kò le mọ́ oríkèé. Fún ìyára, o jàre.

Sàńgbá_Fọ́ – 9:26 alẹ́

Ìbéèrè gidi o, mi ò ṣàwàdà. Tí ẹsẹ̀ èèyàn kan bá gùn ju èkejì lọ ńkọ́? Ti ọmọ àbúrò mi rí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti ní kó má sáré mọ́ nílé ìwé.

OníFisiò – 9:41 alẹ́

Ta ló sọ ọ́, dókítà ni àbí tíṣà? Bolt tí ẹ̀gbọ́n dárúkọ lókè, ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́ látinú wá, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sì kúrú díẹ̀ ju òsì lọ. Kì í ṣe gbogbo àìdọ́gba ló ń dí eré lọ́wọ́. Ẹ gbé ọmọ náà lọ fún àyẹ̀wò kí ẹnikẹ́ni tó dájọ́ fún un.

ỌmọÌjẹ̀jà – Ọjọ́rú, 10:02 alẹ́

Mo ní kí ọ̀rẹ́ mi fi fóònù ya mí láti ẹ̀yìn lónìí. Bọ̀dá Àgbà, òótọ́ lẹ sọ. Nígbà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá balẹ̀, ìbàdí òsì ń rọ̀ sílẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni apá òsì ń gba àyà kọjá. Mo ti rò pé apá ló ń dà mí láàmú.

Àgbà_Sáré – 10:15 alẹ́

Fi fídíò yẹn han kọ́ọ̀ṣì rẹ. Kò ní bínú, inú rẹ̀ á dùn. Ẹ̀gbẹ́ ìbàdí ọ̀tún lo máa mú le: lo àtẹ̀gùn tí òwòran ń jókòó sí, fi ẹsẹ̀ ọ̀tún gòkè, rọra sọ òsì kalẹ̀ láì jẹ́ kí ìbàdí rọ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni, ìsọ̀kalẹ̀ yẹn ni iṣẹ́. Ṣe òsì náà, àmọ́ ọ̀tún ni kó o fi bẹ̀rẹ̀ kó tó rẹ̀ ọ́. Tí ìdíje bá ku ọ̀sẹ̀ kan, dín gbogbo rẹ̀ kù, má kọ́ nǹkan tuntun kankan.

Mo máa wà ní Kútò ní Sátidé, ká tó dé aago méje. Lẹ́yìn ìyẹn oòrùn á ti mú. Mú ọ̀rẹ́ rẹ tó ní fóònù dání.

ỌmọÌjẹ̀jà – 10:18 alẹ́

Màá wá, sà. Ẹ ṣé.

ÌyáBísí_Ìtòkú – Ọjọ́bọ̀, 5:50 ìrọ̀lẹ́

Mo fa ilà fún Bísí. Gbogbo ọmọ àdúgbò ló ti wà níwájú ilé mi báyìí, ariwo wọn kò jẹ́ kí n gbọ́ oníbàárà mọ́.